FCC, CE, UKCA àti NCC: Èwo Lẹ Máa Wò Kí Ẹ Tó Ra Rọ́tà, Fóònù Tàbí Wọ́kítọ́kì?

Bí ẹ bá béèrè rọ́tà lọ́wọ́ ọlọ́jà ní Computer Village, n'Íkẹjà, tàbí ní Alábà, kò ní pẹ́ tó fi máa yí ẹ̀yìn páálí sí yín. "Ẹ wo FCC, ẹ wo CE. Ojúlówó ni, ọ̀gá mi." Kò purọ́, àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ohun tí kò sọ ni ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, àti bóyá ìgbì rédíò ìlú ọ̀hún bá tiwa mu.

Orúkọ mẹ́rin ló máa ń wọ ọ̀rọ̀ yìí: FCC ti Amẹ́ríkà, CE ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, UKCA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àṣẹ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílé níbí ní Nàìjíríà. Èèyàn mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń fi wọ́n wéra: ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí láti Houston ní Amẹ́ríkà tàbí Peckham ní London, oníṣòwò tó fẹ́ kó ọjà wọlé láti Shenzhen, àti ọ̀dọ́ tó ń to ẹ̀rọ tirẹ̀ jọ ní Yábàá. Ibi tí mo dúró sí ni pé ìgbì rédíò lẹ máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ìwé, àmì ẹ̀yìn páálí ló máa gbẹ̀yìn. Bó ti wù kí ìwé mọ́ tó, kò lè mú kí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìgbì Amẹ́ríkà bá òpó àdúgbò yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí FCC. Àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ni, òfin ọdún 1934 ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ tan ìgbì jáde, bíi fóònù, rọ́tà Wáìfáì, wọ́kítọ́kì àti ohun àfetígbọ́ Bluetooth, kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́jà wọn àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò tí FCC mọ̀, tí àwọn afọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní TCB sì ka èsì àyẹ̀wò náà, tí wọ́n wá fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni FCC ID. Ẹ̀rọ tí kì í tan ìgbì rédíò, irú bíi switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) tó jẹ́ okùn nìkan ló ń lò, lè gba ọ̀nà tó rọrùn jùyẹn lọ. SDoC ni wọ́n ń pè é, 2017 ni wọ́n fi rọ́pò àwọn ìlànà méjì ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló máa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó máa dáhùn fún un gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọwọ́ òfin ti lè tó o.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn FCC ID ni pé kò pa nǹkan mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tàbí márùn-ún tó ṣáájú ń sọ ilé iṣẹ́ tó ni ín: A3L ni Samsung, BCG ni Apple, TE7 sì wà lára ti TP-Link. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí ìkànnì FCC, ẹ máa rí èsì àyẹ̀wò, ìgbì tí ẹ̀rọ náà ń lò àti bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí fọ́tò inú rẹ̀ pàápàá. Tí ọlọ́jà bá gbé rọ́tà kan síwájú yín tí FCC ID rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ míì pátápátá, ẹ ti mọ irú ọjà tó wà níwájú yín, ẹ ò tíì san kọ́bọ̀. Bí àwòrán FCC bá wà lórí ẹ̀rọ Wáìfáì ṣùgbọ́n tí kò sí FCC ID, ẹ má ka àwòrán náà sí. Nọ́ńbà ni ẹ̀rí.

Ohun kan wà tó ń da àwọn èèyàn rú. Láti òpin 2022 ni FCC ti jáwọ́ nínú fífún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tuntun ti Huawei àti ZTE ní àṣẹ, ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n tọ́ka sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí rọ́tà Huawei tuntun tí kò ní FCC ID, ìyẹn kò ní kó jẹ́ ayédèrú. Ìjà àárín wọn ni, kò kan bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ṣiṣẹ́ nílé yín.

CE yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹ̀rọ rédíò ni RED, 2014/53/EU, tó rọ́po òfin 1999. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ẹ̀rọ tuntun ò ti lè wọ ọjà wọn lábẹ́ òfin àtijọ́ mọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá tẹ̀ lé àwọn ìlànà tí Yúróòpù ti gbà wọlé látòkèdélẹ̀, bíi EN 300 328 fún Wáìfáì 2.4 GHz àti EN 301 893 fún 5 GHz, ó lè fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ òun dára, kó sì lẹ CE mọ́ ọn. Kò sí ìjọba tó máa kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, kò sì sí ìkànnì kan tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà wò bíi ti FCC ID. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn CE ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Declaration of Conformity, pẹ̀lú fáìlì èsì àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún ọdún 10. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ tàbí páálí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó kó o wọ Yúróòpù. CE tí kò sí àdírẹ́sì kankan nítòsí rẹ̀ ti ń pa kúbẹ́kúbẹ́ nìyẹn.

Ẹ máa gbọ́ lọ́jà pé CE kan wà tó túmọ̀ sí "China Export", pé lẹ́tà tirẹ̀ sún mọ́ra ju ti ojúlówó lọ. Kò sí àmì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. CE tí wọn ò yà dáadáa ni, ẹni tí kò sì lè ya àmì lẹ́tà méjì bó ṣe yẹ kò tíì fi hàn yín pé òun ka òfin tó wà nídìí rẹ̀.

UKCA kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò nínú Yúróòpù, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2023 ìjọba wọn kéde pé àwọn á ṣì máa gba CE láìsí gbèdéke fún ọ̀pọ̀ ọjà, ẹ̀rọ rédíò sì wà lára rẹ̀. Ìgbì wọn àti ti Yúróòpù jọ ń lọ ni. Ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe gudugudu méje ni òfin PSTI, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù kẹrin 2024. Ó fòfin de ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ, ìyẹn "admin, admin" tí gbogbo wa mọ̀, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ sọ iye àkókò tí wọ́n máa fi ṣe àtúnṣe ààbò fún ẹ̀rọ náà. Yúróòpù fi ìlànà ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì kún RED láti 1 oṣù kẹjọ 2025. Tí ó bá jẹ́ rọ́tà tòkunbọ̀ láti London lẹ fẹ́ rà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ṣe pàtàkì: èyí tó ti pẹ́ jù PSTI lọ lè ṣì máa gbé aṣínà tí gbogbo ayé mọ̀ kiri.

Ó wá ku NCC. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ló fún àjọ yìí lágbára lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọlé, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń so mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Nàìjíríà. Àṣẹ tí wọ́n ń fúnni ni gbogbo ọlọ́jà ń pè ní type approval. Ìwé ẹ̀rí ni, irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé pẹlẹbẹ inú páálí fóònù olórúkọ, ẹ lè rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó sọ pé NCC fàyè gba síso ẹ̀rọ náà pọ̀ àti lílò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ní ọjà wa lọ́kàn. Kò sí FCC, CE tàbí UKCA tó lè dúró sí ipò àṣẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ni NCC ti máa ń wọ ọjà láti kó ẹ̀rọ tí kò ní in.

Ìgbì rédíò: ibi tí ìyàtọ̀ gan-an wà

Àjọ àgbáyé ITU pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ ìgbì. Áfíríkà àti Yúróòpù jọ wà ní ẹkùn kìíní. Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù wà ní ẹkùn kejì. Ṣáínà àti púpọ̀ nínú Éṣíà wà ní ẹkẹta. Ìdí nìyí tí CE fi sún mọ́ wa ju FCC lọ. Kò ní í ṣe pẹ̀lú pé ẹnì kan le ju ẹnì kejì lọ.

| Ẹ̀rọ | Ti Amẹ́ríkà | Ti Yúróòpù |
|---|---|---|
| Fóònù ilé aláìlókùn (DECT) | 1920–1930 MHz | 1880–1900 MHz |
| Wọ́kítọ́kì tí kò gba láísẹ́ńsì | FRS, 462 àti 467 MHz | PMR446, 446 MHz |
| Ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé, LoRa (rédíò tó ń gbé ìsọfúnni kékeré lọ jìnnà) | 902–928 MHz | 863–870 MHz |
| Wáìfáì 2.4 GHz | ipa (channel) 1 sí 11 | ipa 1 sí 13 |
| Wáìfáì 6 GHz | 5925–7125 MHz | 5945–6425 MHz |
| 4G (díẹ̀ lára wọn) | bándì 2, 4, 5, 12, 13, 66, 71 | bándì 1, 3, 7, 8, 20, 28 |

Fóònù ilé aláìlókùn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó sínú àgbá wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń kọ "DECT 6.0" sára rẹ̀, orúkọ ìpolówó lásán, nítorí ìgbì 1920 sí 1930 MHz ló ń lò. Ẹ wá wò ó: lórí 3G ti 2100 MHz, ìgbì 1920 sí 1980 MHz ni fóònù yín fi ń ké sí òpó. Ìpìlẹ̀ fóònù aláìlókùn tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ ń pariwo sínú ìgbì kan náà tí òpó fi ń tẹ́tí sí àwọn aráàdúgbò. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ rárá, fóònù tirẹ̀ ń dún ketekete. Ẹni tó wà ní ilé kejì ló máa máa sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa lónìí. Irú kan náà tó wá láti London, tí ó ń lo 1880 sí 1900 MHz, kò ní dá wàhálà yìí sílẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ ra fóònù ilé fún màmá, ẹ sọ fún un kó fi owó náà ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ 902 sí 928 MHz náà kò yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó: ẹ̀rọ tó ń gbọ́ igbe ọmọ láti yàrá kejì, ẹ̀rọ inú ilé tó ń lo Z-Wave ní 908.42 MHz, LoRa 915. Níbí, 890 sí 915 MHz ni fóònù GSM 900 ń gbà bá òpó sọ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìdajì ìgbì tí wọ́n fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Houston bọ́ sórí ìgbì tí ilé iṣẹ́ fóònù sanwó fún ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ LoRa láti fi wo omi oko tàbí tánkì gbọ́dọ̀ mú èyí tí wọ́n kọ 868 sí lára, kó fi 915 sílẹ̀ bó tilẹ̀ pọ́n gan-an.

MiFi ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. Àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa ń ta 4G lórí 700, 800, 1800, 2300 àti 2600 MHz, ìyẹn bándì 28, 20, 3, 40 àti 7. Spectranet wà lórí 2300. 5G bẹ̀rẹ̀ lórí 3.5 GHz lẹ́yìn tí NCC ta ìgbì náà ní oṣù kejìlá 2021. MiFi olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Amẹ́ríkà kan lè ní bándì 2, 4, 12, 13 àti 66 nìkan. Ó máa tàn, batírì rẹ̀ máa kún, kò ní rí nǹkan kan gbé wá. Fóònù ńláńlá tó jáde láìpẹ́ kò ní ìṣòro púpọ̀ níbí, nítorí wọ́n ń kó bándì gbogbo ẹkùn sínú ẹ̀rọ kan. Fóònù tí wọ́n ṣe fún abẹ́lé Ṣáínà, pàápàá èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, lè má ní bándì 20. Tí ẹ bá rí CMIIT ID, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ rédíò ti Ṣáínà, lẹ́yìn ẹ̀rọ láìsí CE, ọjà abẹ́lé Ṣáínà ni, ẹ wo bándì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Búsítà ńkọ́, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé inú ilé wọn? Ti Amẹ́ríkà wà lórí ìgbì tiwọn. Èyí tí ìgbì rẹ̀ bá tiwa mu ló tún léwu jù, nítorí pé ariwo tí búsítà tí kò dára ń tì padà sí òpó lè ba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbogbo àgbègbè tí òpó náà ń bójú tó jẹ́. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ẹni tó bá ra búsítà ilé gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀. Ẹ lọ bá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín, tàbí kí ẹ fi Wáìfáì pè bí fóònù àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín bá gbà á. Mi ò ní dárúkọ búsítà kankan níbí.

Fún wọ́kítọ́kì, ti FRS láti Amẹ́ríkà àti ti PMR446 láti Yúróòpù kò lè gbọ́ ara wọn. Ìlú tí ẹ bá sì ti rà á kò fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbì níbí. Ilé iṣẹ́ ààbò tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó bá fẹ́ lò ó kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìgbì tí NCC fàyè gbà, kí wọ́n tó sanwó.

Wáìfáì inú ilé ló ń fara dà á jù. Rọ́tà Amẹ́ríkà máa ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, nítorí ipa 1 sí 11 wà lára 1 sí 13. Ohun tí ẹ máa pàdánù kéré: ipa 12 àti 13, nítorí wọ́n sábà máa ń ti ẹ̀rọ ọjà Amẹ́ríkà pa mọ́ ìlànà FCC, kò sí ibi tí ẹ ti lè yí orílẹ̀-èdè padà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń to Wáìfáì sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Ubiquiti mọ èyí dáadáa: ti Amẹ́ríkà wà lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ yòókù wà lọ́tọ̀. Agbára náà tún yàtọ̀. Ní 2.4 GHz, Yúróòpù kò gbà ju 100 mW lọ tí ẹ bá ti ka áńténà mọ́ ọn, nígbà tí Amẹ́ríkà gbà tó wáàtì 1 kó tó dé áńténà. Àwọn kan ń fi èyí polówó pé rọ́tà Amẹ́ríkà "ń lọ jìnnà". Fóònù yín ni kò ní wáàtì 1 láti fi dáhùn, nítorí náà ẹ máa rí àmì Wáìfáì tó kún láìrí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó mú kí n yan Peckham ju Houston lọ. Púlọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ihò ògiri wa mu, iná wọn sì jẹ́ 230 V bíi tiwa. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 V. Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ibẹ̀ sínú iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára adápítọ̀: 100–240 V ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gba rọ́tà tí ilé iṣẹ́ kébù ń fún oníbàárà wọn ní London. Ihò kébù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹ máa so ó mọ́ nílé níbí.

Oníṣòwò tó fẹ́ kó ọjà wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó páálí ọgọ́rùn-ún wọlé, ìbéèrè yín kò rí bíi ti ẹni tó ń gba ẹyọ kan. Ẹ lọ sí ìkànnì NCC kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà ní Shenzhen, nítorí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí síbẹ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀nà yín ti rọrùn. Nọ́ńbà náà gan-an ni mo sọ o. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lẹ́yìn nọ́ńbà lè túmọ̀ sí rédíò míì nínú. Àwọn ọlọ́jà kan mọ̀ pé oníbàárà kì í ka lẹ́tà ìparí.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa nílò àṣẹ tuntun, ìwé tí olùtajà yín bá ní ló sì máa pinnu bóyá ó tọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa fi ránṣẹ́ sí yín.

Èkíní ni "certificate" CE tó lẹ́wà, tó ní èdìdì wúrà, tí ilé iṣẹ́ kan tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí fọwọ́ sí. Ẹ ṣọ́ra fún un. Lábẹ́ RED, àjọ tí ìjọba kan ní Yúróòpù yàn nìkan ló lè kọ ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò irú ẹ̀rọ, wọ́n sì ní nọ́ńbà onídígíìtì mẹ́rin tí ẹ lè wá nínú NANDO, àkọsílẹ̀ ti Ìgbìmọ̀ Yúróòpù. Ẹni tí kò sí nínú NANDO fún ẹ̀rọ rédíò, bébà lásán ni ìwé rẹ̀, bó ti wù kí wúrà orí rẹ̀ pọ̀ tó.

Èkejì ni Declaration of Conformity pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò ní kíkún. Òun ni mo yàn. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ èsì náà: orúkọ yàrá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ISO/IEC 17025 rẹ̀ (ìlànà àgbáyé fún yàrá àyẹ̀wò), nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọjọ́, ìlànà EN tí wọ́n lò. Ẹ wá ṣí i lọ sí ẹ̀yìn níbi tí fọ́tò wà, kí ẹ fi wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹ tú u, ẹ wo bóyá pátákó inú rẹ̀ jọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ irọ́ ti ń já. Ilé iṣẹ́ lè ṣe àyẹ̀wò fún pátákó kan, kí ó sì máa kó pátákó tó rọrùn sí i sínú ọjà tó ń tà fún Áfíríkà.

Ẹ̀kẹta ni FCC ID. Kò lè dá nìkan tó fún NCC nítorí ìgbì tí wọ́n dánwò ni ti ẹkùn kejì. Síbẹ̀ ẹ gbà á bí olùtajà bá ní in. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti inú ilé iṣẹ́ kan náà jáde, ó sì lè jẹ́ pé fọ́tò inú tí FCC gbé síta ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí olùtajà yín kò lè tún yà. Mo máa ń sọ ọ́ báyìí fún àwọn tó bá bi mí: FCC fún ìwádìí, èsì CE fún fáìlì NCC.

Ẹ má sì da NCC pọ̀ mọ́ SON, àjọ tó ń bójú tó ìdára ọjà ní Nàìjíríà. SONCAP, ìwé ẹ̀rí SON fún ọjà tó ń wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 jẹ́ ti ààbò àti ìdára ọjà, ó sì ń bá Form M àti PAAR, àwọn ìwé ìkọ́jàwọlé, lọ lọ́nà aṣọ́bodè ní Àpápá. NCC ń bójú tó bí ẹ̀rọ ṣe ń bá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ìgbì gbé. Ẹnì kan lè ní SONCAP tó pé, kí NCC ṣì gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀. Tí aṣojú kan bá sọ pé ìwé kan ló máa ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ wá aṣojú míì.

Àwọn ará wa ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ní ARCEP Bénin, tó dà bí NCC tiwa, àwọn tó wà ní Tógò náà ní ARCEP tiwọn. Ìgbì ẹkùn kan náà la jọ wà, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ sábà máa ṣiṣẹ́ ní Ìdíròkò. Ìwé ni kò kọjá ibodè. Àṣẹ ARCEP kò di àṣẹ NCC nítorí pé ẹrù gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, òdìkejì rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń to ẹ̀rọ tirẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tọpa mọ́tò, mítà iná, tàbí ẹ̀rọ tó ń ka omi tánkì, mọ́dúùlù lẹ ń rà, ẹ kì í fọwọ́ to rédíò láti ìpìlẹ̀. FCC mọ irú èyí dáadáa. Mọ́dúùlù lè ní àṣẹ tirẹ̀, kí ẹ wá kọ "Contains FCC ID" àti nọ́ńbà rẹ̀ sára páálí yín. Ti Espressif, àwọn tó ń ṣe ESP32, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2AC7Z. Àṣẹ náà so mọ́ áńténà tí wọ́n fi dánwò o. Bí ẹ bá fi áńténà tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé odi ilé nípọn, ẹ ti jáde kúrò lábẹ́ àṣẹ yẹn.

Yúróòpù kò fún mọ́dúùlù ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ẹ̀rọ tó ti parí ló máa jẹ́rìí fún gbogbo rẹ̀, èsì àyẹ̀wò mọ́dúùlù kàn lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù ni. Ojú yẹn ni kí ẹ fi wo fáìlì NCC yín náà: orúkọ yín ló wà níwájú ẹ̀rọ, ti Espressif kọ́. Nítorí náà, láàárín mọ́dúùlù tó ní FCC ID nìkan àti èyí tó ní FCC ID pẹ̀lú èsì CE tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ wọn láìsí wàhálà, ẹ mú ìkejì, kódà tó bá wọ́n díẹ̀.

Lórí mọ́dúùlù 4G, lẹ́tà ìparí ni kí ẹ tẹjú mọ́. SIM7600E jẹ́ ti Yúróòpù, SIM7600A ti Amẹ́ríkà, SIM7600G ti gbogbo ayé. Ti Quectel náà rí bẹ́ẹ̀: EC25-E ní bándì 3, 7, 20 àti 40, tó fi bá púpọ̀ nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa mu, ṣùgbọ́n kò ní 28, nítorí náà 4G Glo tó wà lórí 700 MHz kò ní kàn án. EC25-A ní bándì 2, 4 àti 12 fún 4G, kò sì ní GSM rárá. Àwọn méjèèjì jọra lójú bí ìbejì, àwọn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń kọ "EC25" lásán sórí fọ́tò wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n fi fọ́tò orí mọ́dúùlù gan-an ránṣẹ́, níbi tí lẹ́tà náà ti hàn, kí ẹ tó sanwó.